Páànù Òkúta Kan

Èmi kọ́ ni dókítà. N kò mọ abẹ́rẹ́ gún.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu òǹtẹ̀ nílé ìfìwéránṣẹ́ Sàpọ́n,
ó ṣì ń dún létí mi bí mo bá fẹ́ sùn.
Lọ́jọ́ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì
níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba káàdì n'Íjàyè,
bírò méjì lápò, ìwé àjákọ lórí itan,
mo ń wá ojú ẹni tó ń ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta
tí owó náà kò sì pọ̀ sí i.

Àwa mẹ́rin ni.
Jọláadé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì;
Káṣìmáwò, tó ń fi ọ̀kadà gbé aláìsàn láìgba kọ́bọ̀;
àti Dókítà Ṣówùnmí, ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
tó máa ń ti ẹnu iṣẹ́ òru wá, ojú rẹ̀ á pọ́n koko.
Yàrá ilé-ìwé kan n'Ítòkò ni wọ́n ń yá wa ní Sátidé.
Lórí àga ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi
ni àwọn àgbàlagbà ń ká orúnkún lé.
"Ìlera loògùn ọrọ̀," ni wọ́n kọ sára ògiri.
Ta ni yóò wá ra oògùn ìlera?

Ìyá Rísìkátù dé nígbà àkọ́rọ̀ òjò.
Abẹ́ òkúta ni gbogbo wa dó sí,
ara òkúta lòun ti ń jẹun, lẹ́yìn Àdátán,
òòlù ti jẹ àtàǹpàkò rẹ̀ kan.
Bó bá húkọ́, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń da òkúta wẹ́wẹ́ sínú páànù.
"Ṣé ẹ ní ìwé adójútòfò ìlera?"
"Ìwé wo? Èmi tí n kò mọ̀wé?"
"Orúkọ tí wọ́n sọ yín gan-an ńkọ́?"
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Sàlámátù. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti pè é."
"Ọjọ́ orí?"
"Ọdún tí odò Ògùn kún wọ Láfẹ́ńwá ni wọ́n bí mi."
Mo kọ ọgọ́ta. Ó ní kí n fi díẹ̀ kún un.

Jọláadé fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀,
ó wò mí, kò sọ̀rọ̀.
A rìn. Fèrèsé kìíní ní ká lọ sí ìkejì,
ìkejì ní ẹni tó ni òǹtẹ̀ ti lọ jẹun.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti jẹ irú oúnjẹ yẹn rí.
Mo dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.
Owó fọ́tò àyà kò pé;
Káṣìmáwò kó owó epo rẹ̀ sílẹ̀,
ó ti ọ̀kadà dé ilé.

"N kì í ṣe alágbe o," ni màmá wí.
Mo ní ẹ̀tọ́ yín ni.
"Ẹ̀tọ́ wo? Ta ló fún mi?"
N kò rí èsì fọ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, a kì í borí nígbà gbogbo.
Bàbá Ṣóbándé, télọ̀ Ìbarà,
fi ẹsẹ̀ tó ń jẹrà pamọ́ sínú ṣòkòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán.
Ìtìjú àìlówó ni.
Nígbà tí a ó fi rí i, ó ti bọ́.
Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé mi,
n kò tíì lè fa ìlà sí i.

Sátidé tó kọjá, òjò sọ ẹnu ọ̀nà wa di ẹrẹ̀,
bàbá arúgbó kan yọ̀ ṣubú.
Àfi Ìyá Rísìkátù, páànù lórí,
ikọ́ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀.
Kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ẹrẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ó yíjú sí mi:
"Kọ ọ́ sílẹ̀. Sàlámátù, páànù kan. Ó ku méjì."

Mo ṣí ìwé àjákọ.
Bírò kìíní kò kọ.
Mo fa ìkejì yọ.